Àkọsílẹ̀ alága kan níbi ìgbéyàwó ní Udaipur

Ọjọ́ Ajé

Yẹ́lò káàdì ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi ní Mumbai, kí ẹnikẹ́ni tó wo físà. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá tí kò ní in lọ́wọ́, wọ́n lè dá a dúró síbi àdádó fún ọjọ́ mẹ́fà. Ọkùnrin kan níwájú mi ti da gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá tirẹ̀, òógùn ń bọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Íńdíà, inú páspọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ fi í sí, ẹ má fi í sínú àpótí.

Ọmọbìnrin ará Íńdíà kan tí mo mọ̀ láti kékeré ní Ìlúpéjú ló ń ṣègbéyàwó. Èkó ni bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ, ọwọ́ wọn sì ni mo ti ń ra aṣọ ẹbí fún àwọn oníbàárà mi látìgbà tí mo ti ń ṣe alága. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá débi tó lè bá awakọ̀ dáńfó jà, kó sì tún bẹ̀ ẹ́ kó dín owó kù. Ìyá rẹ̀ ló ní dandan ni kí n wá. Ó ní, “Ẹ ti ṣe alága fún gbogbo ayé, ẹ wá wo tiwa náà.”

Bàálù kékeré ló gbé mi láti Mumbai dé Udaipur, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan. Dabok ni pápákọ̀ náà wà, ó lé ní ogún kìlómítà sí ìlú. Wọ́n fi ẹ̀gbà òdòdó genda aláwọ̀ ọsàn sí mi lọ́rùn, wọ́n sì fi ìka tọ́ nǹkan pupa sí mi níwájú orí. Ìyá ìyàwó dì mọ́ mi, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o, ṣé ẹ ti jẹun?” Àwọn àna rẹ̀ tó ti Delhi dé yíjú wò ó, ẹnu yà wọ́n. Aago ìlú yìí fi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ṣáájú ti ilé. Ààbọ̀ yẹn ló ń dà mí láàmú. Mo lọ sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Bàbá ìyàwó mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi, a yí adágún Pichola ká. Adágún yìí dàgbà ju ìlú lọ. Ọdún 1362 ni wọ́n ti sé omi rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 1559 ni ọba wọn, Maharana Udai Singh Kejì, tẹ Udaipur dó. Ààfin àwọn ọba Mewar, ìjọba àtijọ́ tí Udaipur jẹ́ olú ìlú rẹ̀, nà lọ bẹẹrẹ létí omi. Láàárín omi gan-an ni ààfin funfun kan wà tí ẹ kò ní rí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, Jag Niwas lorúkọ rẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1746, ó ti di òtẹ́ẹ̀lì báyìí. Ẹnìkejì rẹ̀ ni Jag Mandir, níbi tí ọmọ ọba Khurram sá sí nígbà tó ń bá bàbá rẹ̀ Jahangir, ọba Mughal, jà, kó tó di Shah Jahan tó kọ́ Taj Mahal.

Ní oṣù Kejìlá 2018, Udaipur ni ẹbí Ambani, àwọn olówó Íńdíà, kó àlejò wá fún àríyá tó ṣáájú ìgbéyàwó Isha ọmọ wọn. Oṣù yẹn kan náà ni Priyanka Chopra òṣèré Bollywood àti Nick Jonas olórin Amẹ́ríkà ṣe tiwọn ní ààfin Umaid Bhawan ní Jodhpur. Bàbá ìyàwó ní látìgbà náà, gbogbo ọmọbìnrin tó bá ti ní fóònù ló fẹ́ ààfin.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò ṣe é lórí omi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn lọ wò ó, owó kọ́ ló sì kọ́kọ́ lé àwọn padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Àga, ìkòkò, jẹnẹrétọ̀, òdòdó, àwọn olóúnjẹ, àwọn onílù, ìyá àgbà tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn ló máa wọkọ̀ ojú omi lálọ lábọ̀. Ẹbí ọkọ wá béèrè pé ẹṣin ńkọ́? Punjabi ni wọ́n, lọ́dọ̀ wọn sì rèé, orí abo ẹṣin ni ọkọ ìyàwó ń gbà wọlé àna. Lórí erékùṣù, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé ọkọ wá, ó sì máa ń dára nínú fọ́tò. Ìyá àgbà ọkọ ní ọmọ ọmọ òun kì í ṣe apẹja. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Haveli ni wọ́n gbà, ilé ńlá àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́, ó ní àgbàlá láàárín, ó kọjú sómi, ẹṣin sì lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Ní Èkó, Sátidé ni gbogbo wa ń jà lé lórí. Níbí, àlùfáà tí wọ́n ń pè ní pandit ló ń mú ọjọ́, ó sì ń mú wákàtí mọ́ ọn, muhurat nìyẹn. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé òrìṣà Vishnu ń sùn fún bí oṣù mẹ́rin nígbà òjò, ìgbéyàwó kì í sì í wáyé. Ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá ló ń jí. Láti àárín oṣù Kejìlá sí àárín oṣù Kìíní, àkókò mìíràn tí kò dára tún dé. Ẹ wá wo àárín méjèèjì: gbogbo àríwá Íńdíà ló ń sáré wọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, àwọn onílé àríyá sì mọ̀. Iye tí ilé kan ń gbà ní oṣù Kẹjọ kọ́ ló máa gbà ní ìparí oṣù Kọkànlá.

Kí wọ́n tó mú ọjọ́ gan-an, wọ́n ti fi ìràwọ̀ àkókò ìbí ọmọ méjèèjì wéra. Máàkì 36 ló wà lápapọ̀, wọ́n ní kó má dín sí 18. Àwọn tiwa gba 26, ìyá àgbà sì ń kéde rẹ̀ káàkiri bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege WAEC.

Ọjọ́rú

Ọjà Hathi Pol láàárọ̀, mo lọ ra àpòòwé owó. Wọ́n ti lẹ owó ẹyọ rúpì kan mọ́ iwájú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Owó ìgbéyàwó kì í parí sí òdo níbí: 501 ni, tàbí 1,101, tàbí 2,101. Ìyá ìyàwó ní ẹyọ kan yẹn ni kì í jẹ́ kí owó náà ṣe é pín sí méjì geerege, àti pé òun ló ń bẹ̀rẹ̀ owó mìíràn. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má wọ dúdú, kí n má wọ funfun. Àǹkárá tí mo fẹ́ wọ̀ lóru Ọjọ́ Ẹtì pupa fòò, kò ráhùn.

Làálì ló gba ọ̀sán. Obìnrin méjì ló ń kun ìyàwó, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Inú ọ̀rá tí wọ́n ká lẹ́nu ṣóńṣó ni làálì náà wà, wọ́n ń fún un jáde ní tín-ín-rín, wọn kì í gbé ọwọ́ sókè títí òdòdó kan á fi parí. Wọ́n ya ọ̀kín. Wọ́n ya onílù. Wọ́n ya ọkọ lórí ẹṣin. Wọ́n wá fi lẹ́tà orúkọ ọkọ pamọ́ sáàárín àwọn ewé, ọkọ ló máa wá a rí tó bá yá. Tí kò bá rí i, wọ́n ní ìyàwó ni yóò máa pàṣẹ nílé. Mo wo ọmọ náà, mo ní kò nílò làálì kó tó pàṣẹ. Bó bá sì ti ń gbẹ, wọ́n ń fi òwú tí wọ́n rì sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà tẹ̀ ẹ́ kó má baà tètè ré. Kí ó pọ́n dáadáa ni wọ́n ń wá, nítorí wọ́n ní bí ó bá ṣe pọ́n tó ni ìyá ọkọ yóò ṣe fẹ́ràn ẹni tó. Wọ́n kun tèmi náà lápá méjèèjì, ìyá ìyàwó sì ń bu oúnjẹ sí mi lẹ́nu: dal baati, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n sè ṣàn, pẹ̀lú ìyẹ̀fun tí wọ́n rọ róbótó, tí wọ́n yan títí ó fi le, tí wọ́n sì rì sínú ghee, òróró bọ́tà.

Ẹ jẹ́ n pẹ́ díẹ̀ lórí ti alẹ́. Mayra ni wọ́n ń pè é. Àwọn arákùnrin ìyá ìyàwó ló ń bọ̀, àwọn àti ìyàwó wọn, pẹ̀lú àwo ẹrù lórí ọwọ́: aṣọ fún arábìnrin wọn, aṣọ fún ọkọ rẹ̀, aṣọ fún àwọn àna rẹ̀, wúrà, àdídùn, owó. Wọn kò kàn wọlé. Ìyá ìyàwó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìtílà. Ó fi àmì pupa sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú orí, ó fi ìrẹsì díẹ̀ lẹ̀ ẹ́, ó yí fìtílà níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tú aṣọ ìborí pupa kan, ó tẹ́ ẹ lé àbúrò rẹ̀ lórí. Obìnrin tó ti ń pàṣẹ fún àwọn olóúnjẹ láti òwúrọ̀, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, bú sẹ́kún lábẹ́ aṣọ yẹn. Àwọn obìnrin tó kù ń kọrin. Ìtàn Narsi Mehta wà nínú orin náà, olùfọkànsìn tó tálákà tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ohun tó máa gbé wá fún mayra ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí òrìṣà Krishna fúnra rẹ̀ sì gbé e wá.

Èmi tí mo ń ṣètò ìdána, mo mọ ohun tí mo rí. Ilé bàbá ìyàwó ló ń náwó, ṣùgbọ́n ilé tí ìyá ìyàwó ti jáde wá láti ọdún gbọọrọ ló wá sọ lójú gbogbo àna pé àwọn kò tíì gbàgbé ọmọ wọn. Ẹni tó ń ya fídíò kò sí níbẹ̀. Ó ti lọ cháàjì dróònù.

Ọjọ́bọ̀

Haldi ni wọ́n fi òwúrọ̀ ṣe. Wọ́n lọ àtalẹ̀ pupa, wọ́n pò ó mọ́ òróró, wọ́n sì ń fi ra ìyàwó lójú, lápá àti lẹ́sẹ̀. Ó di eré, gbogbo wa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Aṣọ tí mo wọ̀ ti lọ nìyẹn.

Alẹ́ ni sangeet, alẹ́ orin àti ijó. Ẹbí méjèèjì ti gba olùkọ́ ijó láti bí oṣù kan sẹ́yìn, àwọn àbúrò bàbá tí ikùn wọn ti yọ náà ò gbẹ́yìn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé máìkì fún mi, wọ́n ní kí alága láti Èkó kí wọn. Mo ní kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá síwájú, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó. Ìyá ìyàwó túmọ̀ rẹ̀ sí Hindi. Àwọn ọmọ Delhi wo ara wọn lójú. Ọkọ ló kọ́kọ́ nà gbalaja, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ní ilé wọn, ẹsẹ̀ àgbà ni wọ́n ń fọwọ́ kàn láti kí i, nítorí náà kò jọ wọ́n lójú pátápátá, àfi pé wọn kò mọ̀ pé mo máa ní kí wọ́n tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ní aago mẹ́wàá, orin dákẹ́ wàì. Òfin ariwo tí Íńdíà ṣe ní ọdún 2000 kò gba kí sípíkà máa dún níta láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀, àfi ọjọ́ díẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá yọ̀ǹda. Ẹ lọ sọ fún onífújì ní Mushin pé kó palẹ̀ mọ́ ní aago mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tó fi dáhùn fún mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti múra sílẹ̀: wọ́n pín ẹ̀rọ ìgbétí fún gbogbo ènìyàn, kálukú gbé orin tirẹ̀ sétí. Mo yọ tèmi láti wò ó. Bí igba ènìyàn ló ń jó, mi ò gbọ́ ju ìró ẹsẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Udaipur, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bi onílé nìyí: yàrá tó ṣeé tì ńkọ́, tí orin lè máa dún nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́?

Ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́ pé. Láti ọ̀sán ni onísafa ti dé. Láwàní Rajasthan ni safa, aṣọ rẹ̀ lè gùn tó mítà mẹ́sàn-án. Ó fi eyín di etí aṣọ mú, ó ń lọ́ ọ, ó ń yí orí àlejò po, ó ya ìrù rẹ̀ sẹ́yìn, ó ti orí náà díẹ̀ láti wò bóyá yóò já, ó ní “ẹlòmíràn.” Kò tó ìṣẹ́jú méjì lórí ẹnì kan. Ó rí gèlè mi, ó dáwọ́ dúró, ó yí mi po ó ń wò ó, ó sì fi àtàǹpàkò sókè. Inú onígèlè mi á dùn tó bá gbọ́.

Baraat, ìwọ́de ẹbí ọkọ wá sọ́dọ̀ ìyàwó, gbéra ní ìrọ̀lẹ́: ọkọ lórí abo ẹṣin funfun, ẹgbẹ́ onífèrè bàbà níwájú, àwọn tó ru iná ìlẹ̀kẹ̀ sórí lọ́tùn-ún lósì, wáyà so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tì bọ̀ lẹ́yìn. Ìrìn tí kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ gba wákàtí kan. Wọ́n ń mú owó, wọ́n ń yí i ká orí ọkọ kí ojú burúkú má baà wò ó, wọ́n á sì fún onílù. Mo yọ owó, mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ níwájú orí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ rọra darí ọwọ́ mi sí orí onílù.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti so toran kọ́, igi tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ sí lára. Ọkọ fi idà kàn án kó tó sọ̀ kalẹ̀, ti ilé Rajasthan nìyẹn. Ti Punjabi ni milni tó tẹ̀ lé e: bàbá pàdé bàbá, àbúrò ìyá pàdé àbúrò ìyá, wọ́n fi òdòdó kọ́ra lọ́rùn, wọ́n sì ń gbìyànjú láti gbé ara wọn sókè nílẹ̀. Bàbá ìyàwó kéré lára. Ó gbé àna rẹ̀ sókè síbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ bọ́ bàtà láti gun pẹpẹ, àwọn àbúrò ìyàwó ti jí i gbé. Ibí yìí ni ọwọ́ ń yún mi sí máìkì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí kò nílò alága, 51,000 rúpì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n pín ara wọn sí ẹni tó ń bú àti ẹni tó ń bẹ̀, wọ́n sì gbà ní 21,001.

Pandit ti mú wákàtí, ó sì lé díẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́. Àwọn àlejò ti jẹun, wọ́n ti ya fọ́tò, ọ̀pọ̀ ti lọ. Kò ku ju ẹbí àti àwa bíi mélòó kan lọ nídìí iná, àwọn ọmọdé ti sùn sórí àga. Bàbá gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́ ọkọ, wọ́n da omi lé e. Wọ́n so aṣọ àwọn méjèèjì pọ̀. Wọ́n ń da ghee sínú iná, wọ́n yí i ká nígbà méje, wọ́n sì gbé ìṣísẹ̀ méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ tirẹ̀: oúnjẹ, agbára, ọrọ̀, ìdùnnú, ọmọ, ìgbà tó dára, èkeje sì ni ọ̀rẹ́. Àwọn ẹbí Gujarati máa ń yí iná ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin náà ni ti àwọn ẹlẹ́sìn Sikh, àmọ́ ìwé mímọ́ Guru Granth Sahib ni wọ́n ń yí ká.

Òfin ìgbéyàwó Hindu ti ọdún 1955 sọ ọ́ ní abala keje rẹ̀: níbi tí ìṣísẹ̀ méje bá ti jẹ́ ara ètò, ìgbà tí wọ́n bá gbé ìkeje ni ìgbéyàwó pé. Ní 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn tún tẹnu mọ́ ọn pé ìwé ẹ̀rí lásán láìsí ètò tó yẹ kò sọ Hindu méjì di tọkọtaya. Ẹ gbà mí o. Haveli, ẹṣin, dróònù, onífèrè, kò sí èyí tí òfin béèrè nínú wọn. Ohun tó béèrè ṣẹlẹ̀ láàárín òru lójú àwọn tó ń tòògbé, owó igi àti ghee tó lọ síbẹ̀ kò sì lè ra òdòdó ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí vidaai, ìdágbére ìyàwó, fi dé. Ìyàwó bu ìrẹsì lẹ́kùn-ún ọwọ́, ó ń jù ú sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ sì tẹ́ aṣọ rẹ̀ láti fi gbà á. Ẹkún gba ibẹ̀ kan. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó ní agbègbè Ọ̀yọ́ rí kò nílò ògbufọ̀. Ọmọ náà rí mi láàárín èrò, ó ní, “Aunty, ẹ má jẹ́ kí Mummy dá wà lónìí.” Yorùbá ló fi sọ ọ́, kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

Mo jókòó ti ìyá rẹ̀ títí di ọ̀sán. A sùn, a jẹ ghevar, àdídùn ibẹ̀, tó ṣẹ́kù, a bú àwọn olóúnjẹ.

Ọjọ́ Àìkú

Lónìí ni ìyàwó padà wálé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ fún pag phera, ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ sí ilé bàbá. Lọ́la ni wọ́n ń lọ sí Delhi, níbi tí yóò ti fẹsẹ̀ ta ìkòkò ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé ọkọ. Họ́nímúùnù ni ọ̀rọ̀ tó kù, gbogbo ilé ló sì ní ìmọ̀ràn.

Ọkọ fẹ́ Manali, ó fẹ́ yìnyín. Ìyàwó ní ọmọ Èkó lòun, òtútù kò sí nínú àdéhùn. Ẹnìkan dábàá erékùṣù Andaman, ṣùgbọ́n òjò àti ìjì ṣì máa ń jà ní òkun ibẹ̀ ní àsìkò yìí. Wọ́n wá fẹnu kò sórí Kerala ní gúúsù Íńdíà: bàálù lọ sí Kochi, ọjọ́ díẹ̀ ní Munnar láàárín oko tíì, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí Alappuzha láti sun inú kettuvallam, ọkọ̀ ìrẹsì àtijọ́ tí wọ́n fi okùn èèpo àgbọn rán pákó rẹ̀ pọ̀ láìkan ìṣó, tí wọ́n ti sọ di ilé báyìí. Mo bá wọn bi onílé ọkọ̀ náà lórí fóònù ohun tí àwọn ọmọdé kì í béèrè. Ó ní bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ọkọ̀ máa so mọ́ etí omi, nítorí àwọn apẹja máa na àwọ̀n. Ó ní nínú àwọn kan, òru nìkan ni ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì wo ọkọ̀ náà létí omi kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.

Ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí wọ́n tó san àsansílẹ̀. Ìyá ọkọ, tó ti dákẹ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, gba fóònù, ó wo fọ́tò ọkọ̀ náà dáadáa, ó sì béèrè bóyá yàrá kejì wà nínú rẹ̀.